Ìràwọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi Lára Ògiri Mi

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: mo jowú òkú. Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ni mo fi jowú rẹ̀, òkú náà sì ni ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi. Ẹni tó ń jowú alààyè ṣì ní ìrètí. Alààyè lè sanra jù, ó lè pá lórí, eyín rẹ̀ lè ká, ó lè ṣìwà hù lójú obìnrin. Òkú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni Rágíbù wà títí di òní nínú àwòrán tó wà ní yàrá àlejò mi, irun rẹ̀ dúdú, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ti ń fi ọ̀pá rìn.

Mutuwáli ni orúkọ mi. Kafuru Nabíkà ni wọ́n bí mi sí, láàárín oko òwú àti oko ìrẹsì, níbi tí odò tí ìjọba gbẹ́ láti ara Náìlì gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá. Rágíbù fi ọdún méjì jù mí. Ohunkóhun tó bá dára, òun ló máa ń kọ́kọ́ kàn. Òun ni bàbá mi kọ́kọ́ gbé gun ẹfọ̀n tí a ń sìn nílé, òun ló kọ́kọ́ wọ bàtà, jalamíà tó bá ti há mọ́ ọn lára ni wọ́n ń gbé fún mi. Mi ò bínú sí ìyẹn, bí ilé ṣe rí nìyẹn. Ti Nabawíyà ni mo bínú sí.

Ọmọ àbúrò bàbá wa ni Nabawíyà, ilé wọn kò ju ogún ìṣísẹ̀ sí tiwa. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n ló ń fẹ́ ọmọ àbúrò, kí ilẹ̀ má baà bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Láti ìgbà tí mo ti ń da ẹfọ̀n lọ sómi ni mo ti ń wò ó bó ṣe ń fọ ìkòkò létí odò, tí yóò fi eérú ha idẹ títí idẹ yóò fi máa dán. Mo lọ bá ìyá mi, mo ní Nabawíyà ni mo fẹ́. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó ní: "Mutuwáli, ta ló ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán kó tó jẹ ti àárọ̀? Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ kò ní fẹ́yàwó ni?" Rágíbù ló fẹ́ ẹ. Ó ti parí iṣẹ́ ṣọ́jà tirẹ̀ nígbà náà, ó gbé Nabawíyà wọlé, ó lo ogójì ọjọ́ pẹ̀lú rẹ̀, ìjọba sì tún ránṣẹ́ pè é padà.

Èmi kò lọ ní tèmi. Ibi funfun kan ti wà lójú ọ̀tún mi láti kékeré, àrùn ojú tó ń bá àwọn ọmọdé abúlé wa jà. Dókítà àwọn ṣọ́jà gbé ìka sókè níwájú mi, ó ní kí n kà á. Mo ní méjì. Mẹ́rin ni. Ó ní kí n máa lọ sílé lọ gbin òwú.

Ogun náà bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú àwẹ̀ Ramadáànì, lọ́dún tí àwọn ṣọ́jà wa rékọjá odò ńlá Suwẹ́sì. Ohun tí Rágíbù ṣe níbẹ̀, kò sí ọmọdé abúlé wa tí kò mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ Fàtíà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ sẹ́yìn, ọkọ̀ ogun onírin ti ọ̀tá sì ń bọ̀ wá ká wọn mọ́. Rágíbù gbé ìbọn ńlá tí wọ́n ń gbé léjìká, ó dá dúró lórí òkìtì iyanrìn kan. Ó fọ́ ọkọ̀ kan, ó fọ́ ìkejì, ó fọ́ ìkẹta. Ẹ̀kẹrin ló pa á. Ènìyàn mọ́kànlá ló padà sílé nítorí rẹ̀. Mi ò ní purọ́, ohun tó ṣe tóbi. Ká ní kékeré ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

Mo sunkún rẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé mi ò sunkún. Èmi àti òun ni a jọ sùn sórí ẹní kan títí mo fi hu irùngbọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tí Nabawíyà parí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá opó rẹ̀, tí ìyá mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò búrẹ́dì tó ní, "Mutuwáli ọmọ mi, ṣé kí ọmọ àbúrò bàbá rẹ lọ di ìyàwó ará ìta ni? Ṣú u lópó," inú mi dùn. Ìtìjú mú mi pé inú mi dùn, síbẹ̀ ó dùn. Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, láìsí ìlù, láìsí orin, torí ilé ọ̀fọ̀ ni ilé wa. Sanátì tó ń ta tíì lórígun ojú ọ̀nà wò mí lọ́jọ́ kejì, ó gbé ife tíì síwájú mi, ó ní: "Ayé yìí mà ga o. Olójú méjì lọ sógun, olójú kan ló jogún." Gbogbo àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe?

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìgbéyàwó wa ni ọ̀gágun kan pe ìyá mi lọ sí ìlú ńlá, ó sì fi àmì-ẹ̀yẹ akọni lé e lọ́wọ́. Ìràwọ̀ onírin kan ni, ó tó àtẹ́lẹ́wọ́ ọmọdé, orúkọ Rágíbù wà lẹ́yìn rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ aláwọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi so ó. Bí ìyá mi ṣe dé, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó gbé e fún Nabawíyà, ó ní: "Fi kọ́ sí yàrá rẹ." Yàrá rẹ̀ ni yàrá mi. Ìṣó wà lógiri tó dojú kọ ibùsùn. Odidi ọdún kan ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń wo bí mo ṣe ń sùn ti aya rẹ̀. Odidi ọdún kan ni mo fi bẹ Nabawíyà kó tó gbà pé kí a gbé e lọ sí yàrá àlejò.

Nígbà tí Nabawíyà bí àkọ́bí wa, mo ti ní orúkọ kan lọ́kàn, orúkọ bàbá ìyá mi. Mi ò tíì la ẹnu tí ìyá mi ti gbé ọmọ náà sókè tó ní: "Rágíbù ti padà wá." Ó parí. Lọ́dọ̀ wa, orúkọ àkọ́bí ni wọ́n fi ń pe òbí títí ikú. Bí mo ṣe di Bàbá Rágíbù nìyẹn. Bí wọ́n bá pè mí lóko, Rágíbù ni. Bí wọ́n bá kí mi ní mọ́sálásí, Rágíbù ni. Nabawíyà tó ń pè mí ní Mutuwáli nígbà tí a wà lọ́mọdé kò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. "Bàbá Rágíbù, oúnjẹ ti délẹ̀. Bàbá Rágíbù, ẹfọ̀n já okùn." Kò sí ọkùnrin mìíràn ní ìpínlẹ̀ wa tí aya rẹ̀ ń dárúkọ ọkọ àárọ̀ rẹ̀ fún un ní ogún ìgbà lójúmọ́.

Èyí tó wá burú jù ni Ọjọ́bọ̀. Gbogbo Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tó bá ti yọ búrẹ́dì nínú ààrò, Nabawíyà yóò bu eérú sínú àwo, yóò gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, yóò sọ ìràwọ̀ náà kalẹ̀, yóò sì jókòó síwájú ilé máa nù ún. Kò ní kánjú. Yóò fi etí ìborùn rẹ̀ wọ inú ihò kọ̀ọ̀kan láàárín àwọn ẹsẹ̀ ìràwọ̀ náà. Ojú rẹ̀ a wá rọ̀, bí ojú ìyá tó ń wẹ ọmọ. Ojú yẹn ni mo ń wá. Mo gbin ìrẹsì kí ó lè fi ojú yẹn wò mí. Mo ra ìborùn fún un ní ọjà Tántà, ó ní ó ṣeun. Lọ́dún tí ọmọ kejì fẹ́ wá, tí ọmọ fi ẹ̀gbẹ́ dábùú, òjò rọ̀ débi pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rì sínú ẹrẹ̀ dé ikùn. Mo tú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà sílẹ̀, mo gbé Nabawíyà pọ̀n sẹ́yìn, mo fẹsẹ̀ rìn wákàtí méjì dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ìyá yè, ọmọ yè. Ẹ̀mí méjì nìyẹn, ẹ kà á dáadáa. Kò sí ọ̀gágun tó pè mí lọ sí ìlú ńlá. Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún mi ni pé kí n má fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ wọlé.

Ìyá mi kú, àwọn ọmọ dàgbà. Ó wá di ìgbà ìkórè òwú lọ́dún kọkàndínlógún, Ọ̀gá Fikírì, tíṣà àgbà ilé ìwé wa, wọ kóòtù wá sílé. Èmi ni mo bu tíì fún un. Ó ní ìjọba ti fọwọ́ sí i pé kí ilé ìwé máa jẹ́ orúkọ Rágíbù. Gómìnà fúnra rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn ìsinmi àárín ọdún. Wọn yóò gbé ìràwọ̀ náà sórí tábìlì kí gbogbo ènìyàn rí i.

Ó yíjú sí Nabawíyà. "Ìwọ ìyá wa, ẹ̀gbẹ́ Gómìnà gan-an ni ìwọ yóò jókòó sí. Àga onítìmùtìmù. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ètò: aya akọni."

Mo dúró pẹ̀lú kẹ́tùlù lọ́wọ́. Mo ń retí kí Nabawíyà sọ pé, "Ọ̀gá, aya Mutuwáli ni mí." Kò sọ ọ́. Ó wo ilẹ̀, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ní: "Ọlọ́run a bù kún un yín, Ọ̀gá."

"Èmi ńkọ́, Ọ̀gá?" mo ní.

Ọ̀gá Fikírì wò mí bí ẹni tó gbàgbé pé mo wà níbẹ̀. "Háà, Bàbá Rágíbù. Ìwọ lo ní kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ìwọ ni yóò bá wa kó bẹ́ǹṣì láti mọ́sálásí wá."

Bẹ́ǹṣì. Ọdún mọ́kàndínlógún lórí ibùsùn kan náà, ọmọ mẹ́rin, bẹ́ǹṣì ló kàn mí.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo jẹ́ kí àwọn ọmọ mi máa lọ sí mọ́sálásí. Mo ní inú ń run mí. Ilé dákẹ́. Mo rò pé Nabawíyà wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Mo wọ yàrá àlejò, mo dúró níwájú Rágíbù, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi bó ti ń ṣe. Mo ní, "Máa rẹ́rìn-ín lọ." Mo já ìràwọ̀ náà lórí ìṣó, mo gba ẹ̀yìnkùlé, mo dúró sórí afárá igi ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé wa, mo sì jù ú. Odò kún nígbà náà. Ó dún bí ìgbà tí ọ̀pọ̀lọ́ bẹ́ sómi, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ara mi fúyẹ́ láti orí afárá yẹn dé ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí. Bí mo ṣe ń bọ́ bàtà ni ó tún wúwo padà.

Lọ́sàn-án, Nabawíyà wọ yàrá àlejò, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó jáde wá.

"Bàbá Rágíbù, ìràwọ̀ kò sí lára ògiri."

"Bóyá ó já bọ́."

"Kò sí nílẹ̀."

"Ayé ti bàjẹ́," mo ní. "Olè pọ̀."

Ó wò mí, ó wò mí dáadáa. "Olè pọ̀ lóòótọ́," ó ní, ó sì padà sídìí ìyẹ̀fun tó ń pò.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, gbogbo abúlé ti gbọ́. Ọ̀gá Fikírì di orí mú, ó ní kí ni òun yóò gbé síwájú Gómìnà. Àwọn kan rántí pé Ṣíndì, ọkùnrin tó ń kiri láti tún ìkòkò idẹ ṣe, jókòó ní àgbàlá wa ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú. Wọ́n lọ mú un wá láti abúlé kejì, wọ́n tú àpò rẹ̀ dà sílẹ̀ níwájú ilé mi. Òòlù rẹ̀, ojé rẹ̀, búrẹ́dì gbígbẹ rẹ̀. Sanátì ti di ọrùn jalamíà rẹ̀ mú. Ọkùnrin náà ń fi ojú wá mi, torí èmi ni baálé. Èmi ń wo bàtà mi. Ẹ gbọ́, mo ti ṣe ohun tó burú láyé mi, ṣùgbọ́n èyí ló burú jù.

Nabawíyà ló jáde. "Ẹ fi ọkùnrin náà sílẹ̀," ó ní. "Kì í ṣe òun."

"Báwo lo ṣe mọ̀?" Sanátì bi í.

"Mo mọ̀. Fi ọrùn rẹ̀ sílẹ̀, Sanátì, ọrùn ìwọ náà kò le ju tirẹ̀ lọ."

Wọ́n tú u sílẹ̀. Ó kó òòlù rẹ̀, ó lọ, kò sì wá sí abúlé wa mọ́. Nabawíyà kò dárúkọ ìràwọ̀ náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn búrẹ́dì, yóò jókòó síwájú ilé bó ti máa ń jókòó, kò ní àwo, kò ní eérú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á wà lórí itan rẹ̀ láìṣe nǹkan kan. Èmi tí mo rò pé bí irin bá kúrò lójú, yóò yíjú sí mi, mo wá rí i pé kò yíjú síbì kankan. Ẹ̀rù wá ń bà mí. Bó bá mọ̀ pé èmi ni, yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ bá àkọ́bí wa tó ń gbé ní Tántà, kò sì ní padà. Mo mọ Nabawíyà. Bó bá ti ilẹ̀kùn, ó tì í nìyẹn.

Ẹ wá wo ìyà tí ìwà òmùgọ̀ fi ń jẹ ènìyàn. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bí sí abúlé wa ló mọ̀ pé ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ìgbà òtútù, ìjọba a máa ti omi odò wa pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Odò yóò gbẹ dé ìsàlẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan yóò gbé ṣọ́bìrì, yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ kó ẹrẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé tirẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo ti ń kó ẹrẹ̀ náà. Mo ti rí bàtà níbẹ̀ rí, mo ti rí ẹ̀rọ rédíò, mo ti rí egungun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Níbẹ̀ ni mo lọ ju ìràwọ̀ sí. Ìgbà tí wọ́n kéde ní mọ́sálásí pé wọn yóò ti omi lọ́jọ́ Ajé, òógùn bò mí nínú òtútù. Sanátì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní: "Bàbá Rágíbù, ṣé ibà ni?" Mo ní ibà ni.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń lọ síbi afárá lọ wo omi. Ó ń fà díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ mọ́. Ọjọ́ kejì ni gbogbo ilé yóò sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, mo kírun àárọ̀ tán ní ọjọ́bọ̀ náà, mo gbé ṣọ́bìrì, mo gba ẹ̀yìnkùlé kí ẹnikẹ́ni tó jáde. Ìkùukùu ṣì wà lójú odò. Mo dé afárá, mo wo ìsàlẹ̀.

Nabawíyà wà nínú ẹrẹ̀. Ó ti ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó so ó mọ́ ìbàdí, ó tẹ̀ ba, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wa ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ ibi tí mo dúró sí gan-an.

Mi ò lè sá, mi ò lè sọ̀ kalẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Sọ̀ kalẹ̀ wá, Mutuwáli," ó ní. "Ìwọ lo mọ ibi tó bọ́ sí jù mí lọ."

Mutuwáli. Mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ń fọ ìkòkò létí odò yìí kan náà. Mo sọ̀ kalẹ̀. Ẹrẹ̀ tutù bí òkú, ó mu mí dé orúnkún.

"O rí mi," mo ní.

"Orí òrùlé ni mo wà, mò ń to ìgbẹ́ ẹfọ̀n tí a fi ń dáná. Mo rí ẹ nígbà tí o dúró sórí afárá. Mo rí ọwọ́ rẹ nígbà tó lọ sókè."

"O ò sì sọ nǹkan kan."

"Kí ni kí n sọ? Ṣé kí n pariwo kí gbogbo abúlé wá wo ọkọ mi ni?" Ó ju ẹ̀kún ọwọ́ ẹrẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Inú bí mi. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ti di aṣọ mi, mo fẹ́ lọ sí Tántà. Mo wá ronú, mo ní, àgbẹ̀ ni Mutuwáli. Àgbẹ̀ tó bá ju nǹkan sínú odò tó ń gbẹ lọ́dọọdún, kò fẹ́ kó sọnù. Bó bá fẹ́ kó sọnù, ì bá gbé e lọ sínú Náìlì, kò kúkú jìnnà. Mo ní, jẹ́ kí n dúró kí omi lọ, kí n wò ó bóyá yóò wá a."

Mo fi ṣọ́bìrì sílẹ̀, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ àti ọwọ́ wá a. A ń wá a. Ó pẹ́ díẹ̀, gìgísẹ̀ mi tẹ nǹkan kan tó le, tó ní ẹsẹ̀ ẹsẹ̀ lára. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Nabawíyà kọ ẹ̀yìn sí mi, kò jìnnà ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Mo dúró lórí rẹ̀. Mo lè tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ sí i. Bí mo bá fi gbogbo ara mi tẹ̀ ẹ́, yóò lọ sí ibi tí ṣọ́bìrì ẹnikẹ́ni kò ní dé.

"Nabawíyà," mo ní, "ṣé o ṣì ń rántí rẹ̀?"

Ó nàró. Ẹrẹ̀ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "O fẹ́ kí n sọ pé mo ti gbàgbé rẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún ẹ. Mo rántí gbogbo rẹ̀. Mo rántí ọjọ́ tó pa pẹ́pẹ́yẹ, mo rántí ọjọ́ tó bá mi jà nítorí bọ́tìnnì kan. Ogójì ọjọ́ ni, Mutuwáli. Ènìyàn lè ka ogójì lórí tẹ̀sùbáà kí ìlẹ̀kẹ̀ ó sì ṣẹ́ kù. Ìwọ ńkọ́? Ọdún mọ́kàndínlógún. Níbo ni o fẹ́ kí n ti bẹ̀rẹ̀ kíkà tìrẹ?"

Mi ò gbé ẹsẹ̀ mi kúrò lórí ìràwọ̀ náà.

"Ìràwọ̀ yẹn," ó ní, "bí mi ò bá nù ún, kí ni àwọn obìnrin abúlé yìí máa sọ? Wọ́n á ní Mutuwáli ti mú un gbàgbé ṣọ́jà wa. Ìwọ ni wọ́n máa bú, kì í ṣe èmi. Ìyẹn ni mo ń nù kúrò ní gbogbo Ọjọ́bọ̀."

Mo gba ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Ìdajì kejì, mo ti rí ojú rẹ̀ nígbà tó bá ń nù ún, mi ò sì fọ́ lójú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìdajì tó fún mi tó mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fa ìràwọ̀ náà yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ rẹ̀ ti jẹrà. Ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

Nabawíyà na ọwọ́. "Gbé e wá, kí n nù ún."

Mi ò fún un. Mo fi sínú àpò jalamíà mi. "Èmi ni màá máa nù ún," mo ní.

Ó wò mí, ó wo àpò mi, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mú un di igi afárá mú. "Irin lo wá ń jowú báyìí?"

"Ó ti pẹ́," mo ní.

Kí a tó gòkè, ó ní nǹkan kan ṣì kù. Ó ní kí n tó fi ìràwọ̀ yẹn kọ́ ògiri, kí n lọ wá Ṣíndì, kí n dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo lọ. Mo sọ òótọ́ fún un níwájú aya rẹ̀, mo fún un ní pẹ́pẹ́yẹ méjì. Kò gba pẹ́pẹ́yẹ náà. Ó gba ẹ̀bẹ̀ mi lẹ́yìn ọdún kan.

Gómìnà wá, ìràwọ̀ sì wà lórí tábìlì; ohun tí a sọ fún abúlé ni pé inú ẹrẹ̀ odò ni a ti rí i, bóyá olè ló jù ú síbẹ̀. Mo kó bẹ́ǹṣì. Nígbà tí mo to èyí tó kẹ́yìn tán, tí mo fẹ́ lọ dúró sẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, Nabawíyà dìde lórí àga onítìmùtìmù, ó ní kí gbogbo ènìyàn gbọ́: "Ọ̀gá Fikírì, ibo ni àga ọkọ mi wà?" Ọ̀gá Fikírì ní ọkọ rẹ̀ ti kú sógun, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Nabawíyà ní, "Èyí tó kó bẹ́ǹṣì ni mò ń sọ." Wọ́n bá mi wá àga onígi kan. Ọrùn Gómìnà ni mo ń wò títí ètò fi parí, ojú mi òsì nìkan ló sì rí i.

Ó ti pẹ́ tí gbogbo ìyẹn ti ṣẹlẹ̀. Ilé ìwé ṣì ń jẹ́ Rágíbù, èmi náà ṣì ń jẹ́ Bàbá Rágíbù lẹ́nu gbogbo ayé, àfi lẹ́nu ẹnì kan nígbà tí ilẹ̀kùn bá tì. Gbogbo Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn búrẹ́dì, èmi ni mò ń bu eérú, èmi ni mò ń gé ọsàn wẹ́wẹ́, mo sì ń jókòó síwájú ilé pẹ̀lú ìràwọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lórí itan. Àwọn tó ń kọjá lọ a máa dúró kí mi. Wọ́n ní irú àbúrò báyìí kò wọ́pọ̀ mọ́, wọ́n ní mo fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi dé inú ibojì. Mi ò bá wọn jiyàn. Èmi kàn ò fẹ́ kí ọwọ́ Nabawíyà kàn án mọ́ ni.